Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Orúnkún Nílé l'Ékòó Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Kékeré

Iṣẹ́ abẹ orúnkún tí wọ́n ń pè ní kékeré, òwúrọ̀ lèèyàn ń lọ ṣe é, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló sì máa ń padà sílé. Dókítà á lu ihò bíńtín méjì tàbí mẹ́ta sí iwájú orúnkún. Á ti kámẹ́rà tín-ín-rín bọ ọ̀kan, á máa da omi iyọ̀ sí i kó lè ríran, á wá ti irinṣẹ́ bọ òmíràn láti gé egungun rírọ̀ tó fàya, tàbí láti rán an. Ojú ihò kọ̀ọ̀kan kì í ju fífẹ̀ èékánná lọ. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyẹn. Wọ́n á wo pílásítà kékeré tó wà lára awọ, wọ́n á ní "ṣé ìyẹn náà nìyí?" Kó tó di ọjọ́ kẹrin, wọ́n ti wà ní Ìdúmọ̀tà tí wọ́n ń nájà. Bẹ́ẹ̀, inú ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, inú náà ló ń wú, ibẹ̀ ló sì ń pẹ́ kó tó jinná.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa lọ sílé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, láti Èbúté Mẹ́ta títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó, kí n bá wọn fi ẹsẹ̀ ṣe eré ìdárayá. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ tètè ń bọ̀ sípò kì í ṣe ẹni tó lówó jù, kì í sì í ṣe ẹni tí oògùn rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ sókè, tó nà án gbọọrọ, tó sì jí iṣan itan rẹ̀ ni. Gbogbo ohun yòókù tí mo máa sọ, ẹ̀yìn mẹ́ta yìí ló ń tọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí dókítà yín kọ fún yín ló ń ṣíwájú o. Bí tèmi bá ta kò ó, tiwọn ni kí ẹ ṣe.

Kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù

Ìbéèrè kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé: ṣé wọ́n gé egungun rírọ̀ náà ni, àbí wọ́n rán an? Bí wọ́n bá gé e, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́jọ́ kan náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Bí wọ́n bá rán an, ojú ibi tí wọ́n rán ní láti lẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò sì pọ̀. Wọ́n lè de orúnkún náà mọ́ irin, kí wọ́n ní ẹ má ṣe gbé gbogbo ara lé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ẹ má sì ká a kọjá ibi tí wọ́n bá sọ. Ẹni tí wọ́n rán tiẹ̀, tó wá ń rìn bí ẹni tí wọ́n gé tiẹ̀, lè fa ibi tí wọ́n rán ya. Nítorí náà, aládùúgbò tó bá ń sọ fún yín pé "èmi ò lo ọ̀pá rárá, ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti ń gun àtẹ̀gùn," ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá wọ́n gé tiẹ̀ ni àbí wọ́n rán an.

Ẹ tún bèèrè ìgbà tí ẹ lè tú báńdéèjì ńlá, ọjọ́ tí wọ́n máa yọ okùn, aago tí ẹ máa lo oògùn tó kàn, àti nọ́ḿbà tí ẹ lè pè lóru. Kí ẹni tó wá mú yín lọ sílé jókòó tì yín nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́, torí oògùn oorun máa ń jẹ́ kí èèyàn gbàgbé ohun tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́, ẹ má wa ọkọ̀, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé owó tàbí ìwé ilẹ̀ kankan. Ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín, ẹ tún un sọ kí wọ́n tó kọ oògùn ilé, bí ẹ tiẹ̀ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fún yín, ẹ rí i pé ẹ tọ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí orí bá wá ń fọ́ yín gan-an lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, tó jẹ́ pé bí ẹ bá dìde jókòó ló ń le, bí ẹ bá dùbúlẹ̀ ló ń rọlẹ̀, ẹ pè wọ́n. Abẹ́rẹ́ yẹn máa ń fà á nígbà mìíràn, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i.

Ọ̀nà ilé

Ọ̀kadà, rárá. Dáńfó, rárá. Kẹ̀kẹ́ Márúwá náà kò láyè tí ẹsẹ̀ lè nà sí, gbogbo kòtò títì ló sì máa ń fi hàn yín.

Ẹ wá ọkọ̀ tí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀. Ìdí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wọlé, kí ẹ wá máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi nà sórí ìjókòó náà tán. Ìrọ̀rí kan sí ẹ̀yìn yín, ìrọ̀rí kan sí abẹ́ gìgísẹ̀. Ẹ mú ọ̀rá dání, torí oògùn oorun máa ń mú èèyàn bì. Third Mainland Bridge gùn ní kìlómítà 11.8, gbogbo wa la sì mọ bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí rẹ̀ ṣe máa ń rí nírọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ Island ni wọ́n ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, tí ilé yín sì wà ní Yábàá tàbí Ìkẹjà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi yín sáàárín àwọn tó máa kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀. Ẹ máa mi ọrùn ẹsẹ̀ yín nínú ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa orúnkún lára máa ń ká kúrò lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, bó bá sì ká tán sórí afárá kí ẹ tó lo oògùn ìrora àkọ́kọ́, ọ̀nà yẹn á gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Yàrá tí ẹ máa sùn

Kí ẹ tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ ti ṣe èyí, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá dé.

Bí ẹ bá ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ bi ará ìsàlẹ̀ bóyá ẹ lè yá yàrá lọ́wọ́ wọn fún ọjọ́ díẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ tí ẹ dé, kí ẹ sì jókòó síbẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀. Ẹ fa wáyà jẹnẹrétọ̀ àti ti inbátà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàtà àwọn ọmọdé tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kó o. Fìtílà oníbátìrì kan gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ yín ti lè tó o lórí bẹ́ẹ̀dì, torí ìgbà tí iná bá lọ lóru tí ìtọ̀ sì ń gbọ̀n yín ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú.

Ilé ìwẹ̀ ló ṣòro jù. Àpótí ìjókòó tí a fi ń wẹ̀ ti lọọlẹ̀ jù fún orúnkún yìí. Àga oníke tó ní apá ni kí ẹ gbé síbẹ̀. Bí ilé ìgbẹ́ yín bá jẹ́ èyí tí a ń lóṣòó sí, ẹ wá àga onihò tàbí póò tí ẹ lè gbé lé nǹkan, torí lílóṣòó kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹlòmíràn ni kó máa pọnmi. Ẹni tó ń fi ọ̀pá méjì rìn kò lọ́wọ́ tó lè gbé bókẹ́ẹ̀tì, kò tiẹ̀ lọ́wọ́ tó lè gbé ife tíì. Ẹ wá àpò kékeré tí ẹ lè gbé kọ́rùn fún fóònù, oògùn àti ike omi.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́: gbígbé sókè, nínà, àti yìnyín

A kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápepe. Wíwú ni oníjà níhìn-ín. Orúnkún tó wú kò ní ká, kò ní nà, iṣan itan rẹ̀ kò sì ní dáhùn.

Mo wọ ilé bàbá kan ní Mushin lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ wọn. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń gba àlejò, ẹsẹ̀ wà lórí àpótí kékeré, ìrọ̀rí ńlá méjì sì wà lábẹ́ orúnkún tó gbé e ká bí ọrun. Ìyàwó wọn ti ṣe é dáadáa lójú tiwọn, torí ó rọ bàbá lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Orúnkún náà ti wú débi pé a kò mọ ibi tí egungun iwájú rẹ̀ wà mọ́. A gbé wọn padà sórí bẹ́ẹ̀dì, a yọ ìrọ̀rí kúrò lábẹ́ orúnkún, a kó o sábẹ́ gìgísẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀, kí orúnkún fúnra rẹ̀ má gbára lé nǹkan kan. Bàbá ní ó ń fà wọ́n. Mo ní kó máa fà. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, etí egungun náà ti ń hàn.

Èyí ló fà á: ibi tí orúnkún tó wú bá ti tù ú lára jù ni ibi tó ti ká díẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa sùn síbẹ̀, awọ inú rẹ̀ á sún kì, nínà á sì di ogun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò bá nà tán máa tiro ni. Nítorí náà, ìrọ̀rí kì í wà lábẹ́ orúnkún nìkan, láé. Kí gìgísẹ̀ ga ju àyà yín lọ nígbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wà lórí àpótí nígbà tí ẹ jókòó kò tíì ga tó.

Ní ti yìnyín, píọ̀ wọ́tà ló dára jù l'Ékòó, ó sì pọ̀ níbi gbogbo. Ẹ tò ó pọ̀ gan-an sínú fírísà kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Bó bá pọ̀ tó sì fún mọ́ra, ó máa ń pẹ́ kó tó yọ́ bí iná bá lọ. Ẹ fi ọ̀rá méjì di ọ̀kan kó má baà jò sójú ọgbẹ́, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ wá gbá a mọ́lẹ̀ sémẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Yìnyín inú rẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́, á sì lè tẹ̀ mọ́ ara orúnkún. Tówẹ́lì gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti awọ. Ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún gbé e lé e lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má gbé e lé e kí ẹ sì sùn lọ. Bí orúnkún bá ṣì kú tipiri nítorí abẹ́rẹ́, ẹ máa ṣí tówẹ́lì wò, torí yìnyín lè jó awọ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí iná kò bá sí rárá, àwọn tó ń ta ẹja inú yìnyín lọ́jà mọ ibi tí wọ́n ti ń ra yìnyín olódindi. Ẹ ní kí wọ́n fọ́ díẹ̀ fún yín.

Omi gbígbóná ń kọ́? Ẹ má tíì fi jó o. Àbóníkì, Robb, òrí, ẹ pa gbogbo wọn tì. Ooru àti fífọwọ́ra máa ń pe ẹ̀jẹ̀ wá síbi tí a ti ń wá bí wíwú ṣe máa lọ. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà á ti gbé omi kaná kí ẹ tó dé. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n fi ro àmàlà. Oníṣègùn egungun náà, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan án.

Oògùn

Ẹ lò ó ní aago rẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ìrora bá ti gorí. Ìrora tó ti gorí kì í tètè sọ̀.

Bí dókítà bá kọ paracetamol oní mílígíráàmù 500 fún àgbàlagbà tí kò ní àìsàn ẹ̀dọ̀, méjì lẹ́ẹ̀kan ni ó pọ̀ jù, kó sì má ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ ka ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn tó wà nílé. Ọ̀pọ̀ wọn ní paracetamol nínú, wọn ò kàn kọ ọ́ gàdàgbà ni. Ibuprofen àti diclofenac jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ má lo méjèèjì pọ̀, ẹ má sì lò ó sí ikùn òfìfo. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà á.

Tramadol tàbí oògùn tó ní codeine nínú, àfi bí dókítà bá kọ ọ́, kó sì jẹ́ iye tó kọ gan-an. Ẹ má da ọtí, páràgà tàbí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí pọ̀ mọ́ ọn. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ àti oògùn alágbára máa ń jọ pa èémí lẹ́nu lóru, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn oògùn wọ̀nyí tún máa ń mú kí ìgbẹ́ gbẹ. Ìbẹ́pẹ, ewédú, ilá àti omi púpọ̀ ló ń tú u. Ẹ má ra ańtíbáyótíìkì fúnra yín nítorí pé ẹnì kan ní "kó má baà kẹ̀." Ṣọ́ọ̀bù àwọn apòògùn tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti rà gbogbo rẹ̀, kì í ṣe inú bọ́ọ̀sì.

Ojú ọgbẹ́ àti ìwẹ̀

Bí omi pupa díẹ̀ bá rin báńdéèjì lọ́jọ́ kìíní, ẹ má jáyà. Omi iyọ̀ tí wọ́n fi fọ inú ló ṣẹ́kù tó ń jò jáde. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ pọ́ńbélé tó ń dà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ sì pe ọsibítù.

Báńdéèjì ńlá máa ń wà níbẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, pílásítà kékeré ló máa kù. Kí ó má tutù títí wọ́n á fi yọ okùn, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 10 sí 14. Bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀, ẹ fi ọ̀rá ńlá bo orúnkún, ẹ fi rọ́bà tàbí pílásítà dè é lókè àti nísàlẹ̀ láìfún un jù, ẹ jókòó sórí àga, kí ẹsẹ̀ náà nà sí ìta ibi tí omi ń bọ́ sí. Dettol, ìyẹ̀fun oògùn, oyin, ẹ má fi kankan sójú ọgbẹ́. Odò ìwẹ̀ àti òkun Tarkwa Bay, ó di ìgbà tí ihò bá pa dé pátápátá. Ní oṣù kẹfà sí ìkeje tí òjò máa ń bo títì, ẹ má fi ẹsẹ̀ yìí la omi àgbàrá kọjá bó ti wù kó rí, torí omi ṣáláńgá àti ti gọ́tà ló dà pọ̀ sínú rẹ̀.

Ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń yọ gódó, kó sọ fún dókítà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yọ okùn. Nǹkan wà tí wọ́n lè ṣe bó bá tètè hàn.

Jíjí itan

Èyí ni wọn kì í sọ fún aláìsàn tó. Omi tó bá wà nínú orúnkún máa ń pa iṣan iwájú itan lẹ́nu mọ́. Ẹ lè fẹ́ gbé ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ má dáhùn rárá. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe ọ̀tá. Iṣan náà ló sùn. Ọsibítù ìjọba tó wà fún egungun ní Ìgbòbí bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Hítílà, kó tó di ọsibítù ní 1945. Iṣẹ́ tí à ń ṣe yìí, kíkọ́ ẹsẹ̀ ní ìrìn lẹ́ẹ̀kejì, ti pẹ́ l'Ékòó.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n gé e ni, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí lọ́jọ́ kejì. Bí wọ́n bá rán an, ẹ ṣe ẹyọ kìíní, kí ẹ sì bi físíò, ìyẹn ẹni tó ń báni ṣe eré ìdárayá yìí, léèrè nípa ìyókù.

1. Ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ síwájú, nǹkan bí ìgbà ogún, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ti lajú. Ó ń ti ẹ̀jẹ̀ gòkè kó má baà dì sínú iṣan.

2. Títẹ̀. Ẹ na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fún iṣan itan pọ̀ bí ẹni pé ẹ fẹ́ fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ bẹ́ẹ̀dì wọlẹ̀. Ẹ ka ení dé àrún, ẹ tú u. Ìgbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé itan náà bí ẹ ti ń ṣe é. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ rí i pé ó ń le lábẹ́ ọwọ́, ó ti jí nìyẹn.

3. Gìgísẹ̀ lórí ìdì. Ẹ ká ìró tàbí tówẹ́lì, ẹ fi sábẹ́ gìgísẹ̀, kí orúnkún máa rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

4. Gbígbé. Bí ẹyọ kejì bá ti rọrùn, ẹ na ẹsẹ̀ ọ̀hún tán, ẹ ká ìkejì, kí ẹ wá gbé èyí tó nà kúrò nílẹ̀ bí ìbú ọwọ́ méjì. Bí orúnkún bá ń ká bí ẹ ti ń gbé e, ẹ padà sí ẹyọ kejì fún ọjọ́ kan sí i.

5. Fífà. Ẹ jókòó sílẹ̀ lórí táìlì tàbí lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi ọ̀rá sábẹ́ gìgísẹ̀ kó lè máa yọ̀, ẹ fà á wá sọ́dọ̀ ìdí díẹ̀díẹ̀, ẹ tún nà án padà.

Ìrora díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é kò burú. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ fi ń mọ̀ bóyá ó pọ̀ jù: bí orúnkún bá wú ju ti àná lọ, ẹ dín in kù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀pá àti àtẹ̀gùn

Ọ̀pá abẹ́ abíyá kò gbọdọ̀ kan abíyá. Ìka méjì tàbí mẹ́ta gbọ́dọ̀ lè wọ àárín wọn nígbà tí ẹ bá dúró, ọwọ́ lẹ sì fi ń gbé ara. Ẹni tó bá fi abíyá gbára lé e, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ yẹ rọ́bà ìdí rẹ̀ wò. Bó bá ti jẹ tán, á yọ̀ lórí táìlì. Nígbà tí ẹ bá wá ku ọ̀pá kan, ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì ló ń gbé e: orúnkún ọ̀tún ló ń dùn, ọwọ́ òsì lọ̀pá wà. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é lódìkejì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jó bí wọ́n ti ń rìn.

Àtẹ̀gùn: bí ẹ bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó dá ló ń ṣíwájú, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ kejì á tẹ̀lé e. Bí ẹ bá ń sọ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ló ń kọ́kọ́ lọ, èyí tó dá á tẹ̀lé e. Ẹ di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú bó bá wà. Nínú àwọn ilé àtijọ́ ní Island tí àtẹ̀gùn wọn há tó sì ṣókùnkùn, kí ẹnì kan dúró nísàlẹ̀ yín nígbà méjèèjì, ì báà jẹ́ gígòkè, ì báà jẹ́ sísọ̀.

Àlejò, ìkúnlẹ̀ àti àdúrà

Àlejò ló ń ba orúnkún jẹ́ jù lọ́sẹ̀ kìíní, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ẹ máa gbà wọ́n ní yàrá, lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ sókè. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín á wọlé wá bá yín.

Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ kí àgbà kò sí níbẹ̀ títí dókítà á fi ní ó yá. Ọmọbìnrin tí a tọ́ dáadáa kì í lè gba èyí rọrùn. Mo ti rí i tí ìyá ọkọ wọlé, tí ìyàwó sì fẹ́ já ara rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ tẹ orí ba, ẹ fi ẹnu kúnlẹ̀: "Ẹ̀yin mà, mo kúnlẹ̀ o, orúnkún ni kò jẹ́." Kò sí àgbà tó máa bínú sí ìyẹn. Kí ọkọ tiẹ̀ ti sọ fún ìyá rẹ̀ kó tó dé.

Mùsùlùmí lè jókòó sórí àga kírun, kó máa fi orí ṣe rúkúù àti ìforíkanlẹ̀. Ẹ̀sìn yọ̀ǹda rẹ̀ fún aláìsàn. Kírísítẹ́nì tó ń lọ síṣọ́ òru, kó fi ti oṣù yìí jì. Òde àríyá náà, aṣọ ẹbí á wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bá yín tọ́jú ìpín oúnjẹ yín.

Ìgbà tí kò gbọdọ̀ dọ̀la

Bí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún bá le, tó ń dùn, tó gbóná tàbí tó wú ju ti ẹsẹ̀ kejì lọ, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àyà bá ń dùn yín lójijì, tí èémí ń há, tàbí tí ẹ ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ pe 767 tàbí 112 lójú ẹsẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè ti dé ẹ̀dọ̀fóró.

Ibà tó lé ní 38°C, ọyún, orúnkún tó pupa tó sì ń gbóná sí i lójoojúmọ́ dípò kó máa rọlẹ̀, ìrora tí oògùn kò ká mọ́, ẹsẹ̀ tó tutù tàbí tó kú tipiri nígbà tí abẹ́rẹ́ ti yẹ kó ká lọ: ẹ pe ọsibítù tó ṣe iṣẹ́ náà, bí wọn ò bá sì gbé e, ẹ máa lọ síbi pàjáwìrì tó sún mọ́ yín. Ibà l'Ékòó, ibà ẹ̀fọn lèèyàn kọ́kọ́ ń rò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ ra oògùn ibà kó sì dùbúlẹ̀; orúnkún ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Pípadà sẹ́nu iṣẹ́

Ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́ lè padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì bí wọ́n bá gé e, bí ibi iṣẹ́ bá gbà á láyè láti gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìyáàlájà tó ń dúró látàárọ̀, alágbàṣe, ọlọ́kadà, ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ti ẹni tí wọ́n rán máa ń gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Bọ́ọ̀lù gbígbá ń kọ́? Dókítà ló máa sọ ọjọ́ rẹ̀.

Àti ilé dé ibi iṣẹ́ ló ń ṣèdíwọ́ ju iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ Ọ̀ṣòdì àti ti Ojọ́ta ní àtẹ̀gùn tó pọ̀. Kọ̀ńdọ́ dáńfó kì í dúró kí ẹsẹ̀ kejì yín tó wọlé. Bí ẹ kò bá tíì lè gun àtẹ̀gùn ilé yín lókè lódò láìdúró, ẹ kò tíì tó ọ̀nà yẹn í lọ. Ní ti wíwa ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ kúrò lórí oògùn alágbára, kí ẹ wá jókòó sínú ọkọ̀ tó dúró sójú kan, kí ẹ tẹ búréèkì lójijì pẹ̀lú gbogbo agbára. Bí ẹ bá fà sẹ́yìn nítorí ìrora, ẹ fún ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́.

Orúnkún tó máa ń wú díẹ̀ nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kì í ṣe nǹkan ìbẹ̀rù. Ẹ tún gbé e sókè, ẹ tún gbé píọ̀ wọ́tà lé e. Ìkúnlẹ̀ ló ń kẹ́yìn gbogbo rẹ̀: nígbà tí dókítà bá ti ní ó yá, orí bẹ́ẹ̀dì rírọ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, kó tó kan orí ẹní. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá tí ẹsẹ̀ kò tíì nà tán, tàbí tí orúnkún ń há, tó ń yẹ̀ lábẹ́ yín, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì mú ìwé iṣẹ́ abẹ náà dání.